Ta Ní Ń Sọ fún Ara Pé Ìjà Ti Tó?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ìka ọwọ́ ni ká ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tòní. Bí ẹ bá rìn láti ibùdókọ̀ Ọbaníkòró wọ inú Ṣómólú lọ, ẹ ò ní pẹ́ kan àwọn ilé ìtẹ̀wé tó sọ àdúgbò náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ẹ wo ọmọṣẹ́ kan níbẹ̀ tó ń to bébà jọ kí wọ́n tó gé e. Etí bébà sá a lójú ìka. Ẹ̀jẹ̀ tó yọ kò tó nǹkan. Ó nù ún sára aṣọ, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, ojú ibẹ̀ ti pọ́n, ó ti wú, ó gbóná téèyàn bá fọwọ́ kàn án, ó sì ń dùn ún. Ọyún díẹ̀ lè yọ lẹ́yìn ìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó yí po, wíwú náà ti lọ sílẹ̀, awọ ti ń pa dé, ọmọṣẹ́ náà sì ti gbàgbé pé bébà gé òun rí.

Ìbéèrè méjì ló wà nínú ìka yẹn. Kí ló fà á tó fi wú? Èkejì ni èyí tí àwọn èèyàn kì í sábà béèrè: kí ló mú kí wíwú náà dáwọ́ dúró? Ìbéèrè kejì yìí ni mo fẹ́ ká jọ fara balẹ̀ yẹ̀ wò. Àwọn tó wá ìdáhùn sí i ló gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn lọ́dún 2025. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ó lé ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn tí dókítà kan ti gbé irú ìbéèrè náà dìde nílùú Ìbàdàn wa, láti inú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dáhùn ti àkọ́kọ́ ná. Ara wa, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹyọ kéékèèké tó ní ẹ̀mí, tí ojú lásán kò lè rí, ló para pọ̀ di í. Sẹ́ẹ̀lì ni a ń pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan, cell lédè Gẹ̀ẹ́sì. Lábẹ́ awọ ìka, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìṣọ́. N ó pe irú wọn kan ní sẹ́ẹ̀lì agbémì, torí ńṣe ni wọ́n ń gbé ohun tí kò yẹ kó wà nínú ara mì; macrophage ni orúkọ wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí bébà ya awọ, àwọn kòkòrò àrùn tí à ń pè ní bakitéríà gba ojú rẹ̀ wọlé. Sẹ́ẹ̀lì agbémì fara kàn wọ́n, ó mọ̀ pé àjèjì ni wọ́n, ó sì tú èròjà jáde láti fi ránṣẹ́ sí àwọn tó kù. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó wà nítòsí náà tú èròjà tí wọ́n ń pè ní histamine jáde.

Ẹ máa bá mi bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Histamine mú kí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ fẹ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀, ojú ibẹ̀ pọ́n, ó sì gbóná, torí ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ooru inú ara kiri. Ara òpó ẹ̀jẹ̀ náà tún dẹ̀, omi ń jò láti inú rẹ̀ bọ́ sáàárín ẹran ara. Ìdí nìyẹn tó fi wú. Omi yìí ń ti àwọn iṣan ìmọ̀lára, èròjà mìíràn tó ń jẹ́ prostaglandin sì ń mú kí iṣan wọ̀nyẹn má lè fara da ohunkóhun tó bá kàn wọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn. Pípọ́n, wíwú, gbígbóná, dídùn: ará Róòmù kan tó ń jẹ́ Celsus ti ka àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ láti nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni n ó máa pè ní ìwúgbóná nínú ẹ̀kọ́ yìí, inflammation lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má ṣe kà á sí àrùn. Iṣẹ́ ni, ara ló ń ṣe é.

Òpó ẹ̀jẹ̀ tó dẹ̀ yẹn tún wúlò fún nǹkan mìíràn. Ó jẹ́ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ráyè yọ́ jáde bọ́ sójú ọgbẹ́. Àwọn tó máa ń tètè dé, tí wọ́n sì ń pọ̀ jù, ni wọ́n ń pè ní neutrophil. Mùdùnmúdùn inú egungun àgbàlagbà ń pèsè nǹkan bí bílíọ̀nù 100 wọn lójúmọ́, wọn kì í sì í pẹ́ láyé. Wọ́n ń gbé bakitéríà mì, wọ́n sì ń da èròjà olóró lé wọn lórí. Ọ̀kan nínú èròjà náà ni hypochlorous acid, èyí gan-an tó ń ṣiṣẹ́ nínú bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Ẹ rò ó wò: ara wa ń po ohun tó wà nínú bílíìṣì, ó sì ń dà á sáàárín ẹran ara tirẹ̀. Kòkòrò àrùn kú, àmọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì wa tó wà nítòsí jẹ nínú ìyà ọ̀hún. Ọyún tó yọ lójú ọgbẹ́, òkú neutrophil ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ibí ni a ti rí i pé ìbéèrè kejì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Bí ara bá ní irú ohun ìjà yìí lọ́wọ́, tí kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró, á jẹ ìka náà run lẹ́yìn tí kòkòrò àrùn ti kú tán. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí kòkòrò bá ti tán, ìjà á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ lọ́tọ̀ ni ìdádúró, ó sì ní àwọn tó ń ṣe é.

Ẹ tún wo ilé ìtẹ̀wé yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tẹ̀wé lọ, ẹnì kan máa ń dúró síbi tí bébà ń já sí, tó ń fa ọ̀kan yọ lóòrèkóòrè láti wo bí yíǹkì ṣe gbà. Ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ dára tàbí ó ti bàjẹ́; títẹ̀ ni tirẹ̀. Bí ẹni tó ń wò ó bá kúrò níbẹ̀, tí yíǹkì kò sì gbà dáadáa mọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún bébà á ti ṣòfò kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà nínú ara, wọ́n sì ju ẹyọ kan lọ.

Àwọn kan wà lójú ọgbẹ́ gan-an. Nígbà tí neutrophil bá kú, sẹ́ẹ̀lì agbémì á tún wá gbé òkú rẹ̀ mì. Gbígbé òkú mì yìí ń yí sẹ́ẹ̀lì agbémì fúnra rẹ̀ padà: á dẹ́kun èròjà tó fi ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí ìjà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú èyí tó ń pẹ̀tù jáde. Interleukin-10 ni wọ́n ń pe ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Charles Serhan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tún fi hàn lọ́dún 2002 pé ara máa ń fi ọ̀rá omega-3, irú èyí tó wà nínú ẹja olóròóró bíi Titus, ṣe àwọn èròjà kan tí wọ́n sọ ní resolvin. Resolvin ń dí neutrophil lọ́wọ́ kó má wá mọ́, ó sì ń mú kí agbémì tètè palẹ̀ òkú mọ́. N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹja rọ́pò oògùn o. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ara ní irinṣẹ́ tó dìídì ṣe fún ìdádúró.

Àwọn yòókù jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn sì ni olórí ọ̀rọ̀ wa. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kan wà tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T, torí pé inú thymus, ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà lẹ́yìn egungun àyà, ni wọ́n ti ń dàgbà. Sẹ́ẹ̀lì T kọ̀ọ̀kan ní ohun kan lára tó fi ń dá àjèjì mọ̀, ti ọ̀kan kò sì bá ti èkejì mu. Báwo ni ara ṣe mọ irú kòkòrò àrùn tí yóò dé lọ́la? Kò mọ̀. Nítorí náà, ńṣe ló ń ṣe ohun ìdánimọ̀ yìí ní oríṣiríṣi, bó bá ṣe bọ́ sí, kó lè jẹ́ pé ohunkóhun tó bá wọlé, a ó rí sẹ́ẹ̀lì kan tó mọ̀ ọ́n. Ọgbọ́n ńlá ni, àmọ́ ewu wà nínú rẹ̀. Nínú oríṣiríṣi yẹn, àwọn kan yóò ṣèèṣì ka ẹran ara tiwa sí ọ̀tá. Thymus ń yẹ̀ wọ́n wò, ó sì ń pa irú wọn kí wọ́n tó jáde, ṣùgbọ́n kì í rí gbogbo wọn mú. Nínú ẹ̀jẹ̀ yín àti tèmi lónìí, sẹ́ẹ̀lì T wà tó lè kọlu oríkèé wa, kíndìnrín wa tàbí awọ wa. Kí ló dé tí wọn kò fi ṣe é?

Lọ́dún 1969, àwọn onímọ̀ méjì ní Japan, Nishizuka àti Sakakura, yọ thymus àwọn èkúté tí wọn kò ju ọmọ ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ohun téèyàn ì bá retí ni pé agbára ìjà wọn á dín kù. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀: ara àwọn èkúté náà dojú ìjà kọ ilé ẹyin tiwọn, ó sì bà á jẹ́. Shimon Sakaguchi, ọmọ Japan náà, gbé ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó mú sẹ́ẹ̀lì T lára èkúté tí ara rẹ̀ le, ó fún àwọn tí wọ́n ti yọ thymus wọn, àìsàn náà kò sì ṣe wọ́n. A jẹ́ pé àwọn kan wà láàárín sẹ́ẹ̀lì T tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá àwọn tó kù lẹ́kun. Lọ́dún 1995 ó tọ́ka sí wọn ní pàtó: àwọn tó ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní CD25 lára. Regulatory T cell ni orúkọ wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Sẹ́ẹ̀lì olùpẹ̀tù ni n ó máa pè wọ́n. Kí ó tó di ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti pa ọ̀rọ̀ irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tì, torí pé ìwádìí tó ṣáájú lórí rẹ̀ já sófo. Ohun tí Sakaguchi rí lára èkúté ló dì mú, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, ìtàn mìíràn ń lọ lọ́wọ́. Láti àwọn ọdún 1940 ni irú èkúté kan ti wà nílé ìwádìí Oak Ridge ní Tennessee, scurfy ni wọ́n ń pè é. Awọ àwọn akọ rẹ̀ máa ń họ, inú wọn máa ń wú, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sì ni wọ́n ń lò láyé. Mary Brunkow àti Fred Ramsdell gbéra láti wá ìdí rẹ̀. Bó ṣe jẹ́ pé akọ ni àìsàn náà ń pa, ó ti hàn pé orí kúrómósómù X ni àṣìṣe náà wà, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn okùn tínrín tí àbùdá tí a jogún tò sí. Àbùdá yìí ni wọ́n ń pè ní gene lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 170 lẹ́tà ló wà lórí okùn náà. Wọ́n dín ibi tí wọ́n ń wá kù títí ó fi ku nǹkan bí 500,000 lẹ́tà, níbi tí àbùdá 20 wà. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí wọ́n dé orí ogún, èyí tó kẹ́yìn pátápátá, ni wọ́n tó rí àṣìṣe náà. Lọ́dún 2001 wọ́n kéde rẹ̀: Foxp3. Wọ́n tún fi hàn pé àṣìṣe nínú irú àbùdá kan náà ló ń fa IPEX, àrùn burúkú kan tó ń ṣe àwọn ọmọkùnrin láti kékeré, tí ara wọn á máa ja ìfun wọn, awọ wọn àti ibi tí ara ti ń ṣe insulin. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Sakaguchi àti àwọn mìíràn so okùn ìtàn méjèèjì pọ̀: Foxp3 ló ń sọ sẹ́ẹ̀lì T di olùpẹ̀tù. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò jọ pín ẹ̀bùn Nobel.

Báwo wá ni olùpẹ̀tù ṣe ń ṣe é? Sẹ́ẹ̀lì T tó fẹ́ jà nílò èròjà kan, interleukin-2, kó tó lè bí sí i. CD25 tó wà lára olùpẹ̀tù ni ó fi ń gba èròjà yìí sínú. Torí pé ó ní púpọ̀ lára, òun ló ń gbà á tán, ebi á sì pa àwọn ajagun. Ẹ̀wẹ̀, sẹ́ẹ̀lì T kì í kàn jà bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn gbọ́dọ̀ fi àjèjì náà hàn án, kó sì fún un láṣẹ. Àmì àṣẹ yẹn wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń fi nǹkan hàn náà, olùpẹ̀tù sì ní ohun kan tó ń jẹ́ CTLA-4 tó fi ń já àmì ọ̀hún kúrò. Lẹ́yìn èyí, òun náà ń tú interleukin-10 jáde. Wọn kò pọ̀ o. Nínú 100 sẹ́ẹ̀lì T irú èyí tí wọ́n ń pè ní CD4, 5 sí 10 péré ni olùpẹ̀tù.

Ẹ jẹ́ ká wá wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Lọ́dún 1965, dókítà ọ̀dọ́ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Brian Greenwood, wá ṣiṣẹ́ ní University College Hospital, UCH tí gbogbo wa mọ̀. Ní ìlú tó ti wá, àrùn oríkèé tí wọ́n ń pè ní rheumatoid arthritis kì í ṣe ohun tuntun, ìyẹn èyí tí ara fúnra rẹ̀ ń fa ìwúgbóná sínú oríkèé láìsí kòkòrò àrùn kankan níbẹ̀. Ní Ìbàdàn, agbára káká ló fi ń rí ẹni tó ní i. Kò fi mọ sórí ìyanu. Ó lọ tú ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn náà. Láàárín ọdún 1957 sí 1966, 98,454 aláìsàn ni wọ́n dá dúró sí UCH. Nínú gbogbo wọn, 104 péré ni àrùn wọn jẹ́ irú èyí tí ara ń ja ara rẹ̀, autoimmune disease lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó tẹ èyí jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet lọ́dún 1968, ó sì béèrè pé: àbí àwọn kòkòrò tí ará ibí ń bá gbé láti kékeré, ibà pàápàá, ni wọ́n ti tu ara wọn lójú?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́n yóò ta kò ó lójú ẹsẹ̀: ṣé kì í ṣe pé àwọn tó ní irú àrùn bẹ́ẹ̀ kò wá sílé ìwòsàn ni? Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Èyí ló mú kí Greenwood gbé ìbéèrè náà lọ síwájú èkúté. Àwọn èkúté kan wà tí wọ́n bí àrùn ara-ń-ja-ara mọ́, tí kíndìnrín wọn máa ń bàjẹ́ bí wọ́n ti ń dàgbà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ibà èkúté ran àwọn kan nínú wọn. Ìyókù ni àrùn náà bá fínra bó ti máa ń ṣe. Èyí tó ti ní ibà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní i. Ọdún 1970 ni wọ́n tẹ èyí jáde. Nígbà tó wà ní Zaria, ó tún fi hàn lọ́dún 1972 pé àwọn ọmọdé tí ibà ń ṣe lọ́wọ́ kì í jàǹfààní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó bí àwọn tí ara wọn le. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lójú méjì: ohun tó ń dá ara lẹ́kun kó má ja ara rẹ̀, òun náà ló ń mú kó lọ́ra láti kọ́ ẹ̀kọ́ tó yẹ kó kọ́.

Kí ni ibà ń ṣe gan-an? Nígbà tí ẹ̀fọn tó ní ibà bá gé ọmọ kan ní Bàrígà tàbí Ọbaníkòró, kòkòrò ibà yóò kọ́kọ́ pọ̀ sí i nínú ẹ̀dọ̀, lẹ́yìn náà yóò wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀. Ní nǹkan bíi wákàtí 48 síra wọn, sẹ́ẹ̀lì pupa á bẹ́, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á tú sínú ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì agbémì rí ìdọ̀tí yìí, ó tú èròjà kan tó ń jẹ́ TNF àti àwọn mìíràn jáde, àwọn yìí lọ bá ọpọlọ, ọpọlọ sì gbé ooru ara sókè. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe kòkòrò ibà ló mú ara gbóná ní tààràtà. Ìdáhùn ara ló mú un gbóná. Bí ìdáhùn náà bá pọ̀ ju ohun tó yẹ lọ nínú ọmọ kékeré, òun gan-an ló ń dá kún gìrì àti ikú.

Àgbàlagbà tó ti ń gbé Èkó látìgbà tí wọ́n ti bí i lè ní kòkòrò yìí nínú ẹ̀jẹ̀, kó sì máa lọ síbi iṣẹ́. Ìdí kan ni pé ara rẹ̀ ti ní èròjà agbógunti-ibà. Ìdí kejì ni pé ara rẹ̀ ti kọ́ láti má ṣe fi gbogbo agbára dáhùn. Ara sì lè gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Lọ́ńdọ̀nù, tó wá ṣe ọdún Kérésì nílé, tí ibà wá gbé e dè mọ́lẹ̀ nígbà tí àwọn tó bá nílé kò mọ nǹkan kan lára: kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tí kò mọ ìtàn yẹn. Kì í ṣe pé ó sọ ara rẹ̀ di Òyìnbó. Ara ló ti pàdánù ohun tó kọ́, torí kò rí kòkòrò náà mọ́.

Ibo wá ni àwọn olùpẹ̀tù wà nínú gbogbo èyí? Ilẹ̀ Burkina Faso ló fún wa ní ìdáhùn tó ṣe kedere jù. Lábúlé kan náà, tí ẹ̀fọn kan náà ń gé wọn, àwọn Mossi àti àwọn Fúlàní ń gbé nítòsí ara wọn. Lọ́dún 1996, David Modiano àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé kòkòrò ibà tó wà lára àwọn Fúlàní kéré, ibà kì í sì í ṣe wọ́n tó bí ó ti ń ṣe àwọn aládùúgbò wọn, bẹ́ẹ̀ wọn kò ní àwọn ààbò tí a ń jogún, irú bíi ẹ̀jẹ̀ AS, ju àwọn yòókù lọ. Lọ́dún 2008, ìwádìí mìíràn láàárín àwọn ẹ̀yà méjèèjì yìí wo àwọn sẹ́ẹ̀lì olùpẹ̀tù wọn. Ti àwọn Fúlàní kò lágbára tó ti Mossi. Àbùdá Foxp3 àti CTLA-4 kò ṣiṣẹ́ púpọ̀ nínú wọn. Ìdènà kéré, ìjà sì le, nítorí náà kòkòrò ibà kò ráyè. Àmọ́ àwọn dókítà ti rí i káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pé ọlọ inú, tí wọ́n ń pè ní spleen lédè Gẹ̀ẹ́sì, sábà máa ń wú lára àwọn Fúlàní ju lára àwọn aládùúgbò wọn lọ. Ìjà tó le ní iye tí ara ń san lé e lórí.

Ìbéèrè Greenwood kò sì parí sí Ìbàdàn. Ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé, Mariam Molokhia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka àwọn obìnrin tó ní lupus, ọ̀kan nínú àwọn àrùn ara-ń-ja-ara tó le jù. Lọ́dún 2001 wọ́n kéde pé ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin tó wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, ìlú ló yàtọ̀. Nílé níbí pẹ̀lú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Adélówò tó jẹ́ oníṣègùn oríkèé ní Èkó, pẹ̀lú dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ ìròyìn jáde lọ́dún 2009 nípa 66 aláìsàn lupus ní Nàìjíríà. Èmi kà á sí pé ohun méjì ló jọ ń ṣẹlẹ̀: àrùn náà wà ju bí ìwé ilé ìwòsàn àtijọ́ ṣe fi hàn lọ, torí ojú tó lè dá a mọ̀ kò pọ̀ nígbà yẹn, síbẹ̀, ohun tí Greenwood rí kì í ṣe ìtànjẹ, torí pé èkúté rẹ̀ kò parọ́.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa kẹ́mísì kí n tó kúrò lórí èyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ládùúgbò wa, bí oríkèé bá ti ń ro wọ́n, dexamethasone tàbí prednisolone ni wọ́n ń lọ rà láìsí ìwé dókítà. Wọ́n ń rí ìtura, torí pé oògùn náà wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ, ó sì pa ẹnu ọ̀pọ̀ àbùdá ìwúgbóná mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n kì í béèrè bóyá ìjà tó yẹ ni tàbí èyí tí kò yẹ. Bí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni náà, ó ti tú u sílẹ̀ nìyẹn. Ìtọ̀ ṣúgà lè tẹ̀ lé e, egungun á sì máa fúyẹ́. Dókítà ń lò ó, ó sì ń gba ẹ̀mí là, pẹ̀lú ìwọ̀n àti pẹ̀lú ìṣọ́.

Ohun tí àwọn olùwádìí ń wá báyìí ni ọ̀nà tí kò fọ́jú bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń mú sẹ́ẹ̀lì olùpẹ̀tù jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọ́n ń sọ wọ́n di púpọ̀, wọ́n sì ń dá wọn padà sí i lára. Àwọn kan ń fún aláìsàn ní interleukin-2 níwọ̀n kékeré, èyí tí olùpẹ̀tù á tètè gbà nítorí CD25 rẹ̀. Fún jẹjẹrẹ, òdìkejì ni wọ́n ń ṣe, torí kókó jẹjẹrẹ máa ń kó olùpẹ̀tù jọ yí ara rẹ̀ ká kí ara má bàa kọlù ú.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí lupus. Obìnrin ni mẹ́sàn-án nínú aláìsàn rẹ̀ mẹ́wàá, àwọn ọ̀dọ́ ló sì pọ̀ jù. Bí oríkèé ọ̀dọ́bìnrin bá ń gan láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí egbò ń yọ lẹ́nu rẹ̀, tí irun ń já, tí àwọ̀ pupa tàn ká ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì àti orí imú, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ ń hó, kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn oríkèé ní ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Oògùn tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún un yóò ya ẹni tó rántí ayé chloroquine lẹ́nu: hydroxychloroquine ni, ìbátan oògùn ibà tó máa ń mú ara yún wa. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jà, àwọn àpò kéékèèké kan wà tí omi inú wọn kan bí ọtí kíkan, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń yẹ ohun tó gbé mì wò. Nínú lupus, àbùdá láti ara òkú sẹ́ẹ̀lì tiwa ló ń dé inú àpò náà, sẹ́ẹ̀lì sì ń kà á sí ti kòkòrò àrùn. Hydroxychloroquine ń lọ gbé inú àpò yẹn, ó ń mú kí kíkan rẹ̀ dín kù, ohun tó ń yẹ nǹkan wò kò sì ní lè ké ìbòsí bí ó ti ń ké e. Ó ń gbà tó oṣù mélòó kan kó tó hàn lára. Wọ́n sì lè máa lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí dókítà ojú bá ń yẹ ẹ̀yìn ẹyinjú wọn wò lóòrèkóòrè, torí pé ibẹ̀ ni ó ti lè ṣèpalára.